Káàdì Rẹ̀ Dà?

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni ìyá mi sọ lọ́dún tó kọjá, tó fi gbé mi kúrò nídìí iṣẹ́ mi l'Ékòó, tó gbé mi lọ sínú ìtàn ìlú wa. Ọ̀rọ̀ náà ni: "Káàdì rẹ̀ dà?"

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Èmi àti àbúrò mi obìnrin lọ kí ìyá wa n'Íléṣà. Àbúrò mi gbé ọmọ rẹ̀ dání, ọmọ oṣù mẹ́wàá. Ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín, ó ń fa gèlè ìyá àgbà, gbogbo wa ń sọ pé ó jọ bàbá rẹ̀. Ìyá wa gbé e sókè lẹ́ẹ̀mejì bí ẹni tó ń fọwọ́ wọn iṣu lọ́jà. Ó ní, "Ọmọ yìí kò wúwo tó bó ṣe yẹ. Káàdì rẹ̀ dà?"

Àbúrò mi ní káàdì ti sọ nù nígbà tí àwọn kó kúrò nílé àtijọ́. Ó ní níbi tí òun ń gbé ọmọ lọ, ìwọ̀n wọn ti bàjẹ́ tipẹ́. Wọ́n á fún ọmọ lábẹ́rẹ́, wọ́n á ní kó máa lọ, kó ní ọjọ́ báyìí ni kó tún padà wá.

Ìyá mi ò bá a jà. Ó dìde, ó wọ yàrá, ó fa àpótí páànù jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó sì mú àpò ọ̀rá kan wá. Káàdì mi ló wà nínú rẹ̀. Káàdì tí wọ́n fún mi nígbà tí wọ́n bí mi ní 1980! Ó ti pọ́n bí ewé kókò tó gbẹ, ṣùgbọ́n gbogbo àmì orí rẹ̀ ṣì ń hàn. Àmì tóótòòtó kan fún oṣù kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì fi ìlà so wọ́n pọ̀ bí ẹni ń gun òkè. Nígbà tó dé oṣù keje, ìlà náà kò gòkè mọ́. Ó nà gbalaja títí dé oṣù kẹsàn-án. Lẹ́yìn náà ló tún gbéra.

Ìyá mi fi ìka lé ibi tí ìlà náà gbé nà. Ó ní, "Kòkúmọ́, ibí yìí lo ti fẹ́ máa lọ. Èmi tí mo bí ọ ò rí i. Nọ́ọ̀sì ló rí i lórí ìwé."

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: ara mi bù máṣọ. Ẹ ti gbọ́ orúkọ mi. Ọmọ méjì ni ìyá mi ti sin kó tó bí mi, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè mí ní Kòkúmọ́. Àwọn méjèèjì kò ní káàdì.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ibi tí káàdì yìí ti wá, mo rò pé ìlú òyìnbó ni màá bá a. Ẹ wá wo nǹkan! Iléṣà níbẹ̀ ni mo bá a, àti Ìmẹ̀sí-Ilé, ìlú kékeré tó wà láàrin òkè.

ÌTÀN TÓ WÀ NÍNÚ ORÚKỌ

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ikú ọmọdé ṣe pọ̀ tó láyé àtijọ́, kó má wulẹ̀ lọ wá ìwé ìjọba. Kó ka orúkọ àwọn bàbá wa. Málọmọ́. Dúrójayé. Dúrósinmí. Bánjókòó. Rótìmí. Kòsọ́kọ́, ìyẹn ni pé kò sí ọkọ́ mọ́ tí a ó fi gbẹ́ ilẹ̀ láti sin ọ́. Ẹ̀bẹ̀ ni gbogbo orúkọ wọ̀nyí. Àwọn òbí tí ọwọ́ wọn ti ṣófo ń bẹ ọmọ tuntun pé kó má padà lọ.

Àbíkú ni wọ́n pe àwọn ọmọ náà. N kò ní fi ìgbàgbọ́ àwọn baba wa ṣe ẹlẹ́yà, nítorí ẹni tí nǹkan ń ṣe ló mọ bó ṣe ń dun òun. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ohun tí àwọn dókítà rí nígbà tí wọ́n fara balẹ̀ kà á. Ibà wà níbẹ̀. Ìgbẹ́ gbuuru tó ń fa omi ara ọmọ gbẹ wà níbẹ̀. Òtútù àyà wà níbẹ̀, àti ikọ́ líle tí í hú ọmọ títí tí èémí rẹ̀ yóò fẹ́ gé. Ipá wà níbẹ̀, tó ń gba ojú ìwọ́ wọlé sára ọmọ ọjọ́ mélòó kan bí irin tí wọ́n fi gé e kò bá mọ́. Èéyi wà níbẹ̀, tí í da ìléròrò bo ara ọmọ, tí í mú ojú rẹ̀ pọ́n. Àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde náà wà níbẹ̀. Èyí tó wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ nínú wọn, tó jẹ́ pé òun ló máa ń ṣílẹ̀kùn fún ikú, ni àìjẹun tó ṣara lóore.

Dókítà obìnrin kan, Cicely Williams, tó ṣiṣẹ́ ní Gold Coast tí à ń pè ní Ghana lónìí, kọ̀wé ní 1933 nípa àwọn ọmọ tí ẹsẹ̀ wọn ń wú, tí irun wọn ń pọ́n, tí ara wọn ń bó. Ní 1935 ó fi orúkọ tí àwọn ará Gà ń pe àrùn náà sọ ọ́: kwashiorkor. Ọmọ tí àbúrò dé bá, tí wọ́n já lẹ́nu ọmú láìpé ọjọ́, ni àrùn náà ń mú. Ẹ̀kọ ṣíṣàn ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ń mu láàárọ̀, òun náà ni lálẹ́. Inú rẹ̀ ń kún, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ń pebi.

DÓKÍTÀ TÓ JÁDE KÚRÒ NÍ WỌ́Ọ̀DÙ

Àwọn ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ló dá ọsibítù Wesley Guild sílẹ̀ n'Íléṣà, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá. Ní 1956, dókítà àwọn ọmọdé kan dé síbẹ̀ láti ìlú Gẹ̀ẹ́sì. David Morley lorúkọ rẹ̀. Wọ́n bí i ní 1923, ó sì wà n'Íléṣà títí di 1961.

Iṣẹ́ tó bá níbẹ̀ kò ṣeé kà tán. Àwọn ìyá ń pọn ọmọ wá láti oko àti abúlé, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì jẹ́ pé ọmọ ti ń mí ìmí ìkẹyìn kí wọ́n tó dé. Bí dókítà bá gba ọ̀kan là lónìí, ọmọ kan náà lè tún padà wá lóṣù kejì pẹ̀lú àìsàn mìíràn. Ẹni tó bá ń gbọ́n omi nínú ọkọ̀ tó jò, ó yẹ kó dẹ́kun, kó lọ wo ibi tí ihò wà. Ohun tí Morley ṣe gan-an nìyẹn. Ó fi wọ́ọ̀dù sílẹ̀, ó lọ sí Ìmẹ̀sí-Ilé láti wo ọmọ kí àìsàn tó gbé e ṣánlẹ̀.

Àwa Ìjẹ̀ṣà mọ Ìmẹ̀sí-Ilé sí ìlú tí wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ogun Kírìjì ní 1886. Lẹ́yìn nǹkan bí àádọ́rin ọdún, ogun mìíràn tún bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, kò sì sí ìbọn nínú rẹ̀. Wọ́n mú àwọn ọmọ tí wọ́n bí nílùú náà, wọ́n ń tẹ̀ lé wọn láti oṣù dé oṣù, ọdún dé ọdún. Wọ́n ń wọ̀n wọ́n. Wọ́n ń kọ ohun tí wọ́n ń jẹ sílẹ̀, àìsàn tó ṣe wọ́n, ẹni tó yè àti ẹni tó kú.

Ohun tí wọ́n rí kọ́kọ́ ya àwọn ọlọ́gbọ́n lẹ́nu. Ọmọ kì í ṣàdédé rù. Kí ẹnikẹ́ni tó fi ojú rí i pé ọmọ ń gbẹ, ìwọ̀n rẹ̀ á ti dúró lójú kan fún oṣù méjì tàbí mẹ́ta. Ojú ìyá kò lè rí i, nítorí ojoojúmọ́ ló ń rí ọmọ rẹ̀. Ẹni tó ń gbé pẹ̀lú ọmọ kì í mọ ìgbà tó ń ga, bẹ́ẹ̀ náà ni kì í mọ ìgbà tó dẹ́kun àtimáa ga. Àfi ìwọ̀n.

ÌWÉ TÓ WÀ LỌ́WỌ́ ÌYÁ

Láti inú èyí ni káàdì ti jáde. Wọ́n sọ ọ́ ní "Road to Health", ẹ jẹ́ ká pè é ní Ọ̀nà Ìlera. Oṣù wà nísàlẹ̀, ìwọ̀n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìlà méjì tó tẹ̀ kọ́rọ́ sì gba àárín káàdì kọjá bí etí títì méjèèjì. Bí àmì ọmọ bá ń gòkè pẹ̀lú ìlà wọ̀nyí, ọmọ ń rìn dáadáa. Bó bá dúró, nǹkan ń ṣe é. Bó bá ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ sáré. Ìyá tí kò mọ a yàtọ̀ sí b lè rí i pé ìlà ń gòkè tàbí pé ó ń sọ̀ kalẹ̀.

Wọ́n tún ṣe àyè kan sórí káàdì fún àwọn ọmọ tó yẹ kí ojú wà lára wọn ju ti ẹgbẹ́ wọn lọ: ìbejì, ọmọ tó kéré nígbà tí wọ́n bí i, ọmọ tí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ ti kú, ọmọ tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń kú ṣáájú rẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa. Èyí tó kẹ́yìn yẹn, ṣé kì í ṣe ẹni tí àwa ń pè ní àbíkú náà ni? Bàbá àgbà á so ṣaworo mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ kó má bàa lọ. Káàdì náà so tirẹ̀ mọ́ ọn: ó ní kí nọ́ọ̀sì máa tètè wò ó.

Ṣùgbọ́n ohun tó ṣe pàtàkì jù ni ibi tí wọ́n fi káàdì pamọ́ sí. Láyé ìgbà náà, ọsibítù ló ń tọ́jú ìwé aláìsàn. Àwọn kan rò pé tí wọ́n bá gbé ìwé fún obìnrin oko, á fi di ẹ̀pà. Morley àti àwọn nọ́ọ̀sì rẹ̀ fi sínú àpò ọ̀rá, wọ́n sì gbé e fún ìyá ọmọ. Àwọn ìyá ò sọ ọ́ nù. Èyí ò ya èmi lẹ́nu. Òṣómàáló ni wá, àwọn bàbá wa tí wọ́n ń ta aṣọ láwìn káàkiri, tí wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí tí owó á fi jáde. Òṣómàáló kì í sọ ìwé gbèsè rẹ̀ nù. Ṣé ìwé ọmọ ló máa wá sọ nù?

Kílíníìkì wọn náà yàtọ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ọjọ́ kan wà fún ọmọ tó ń ṣàìsàn, ọjọ́ mìíràn wà fún abẹ́rẹ́ àjẹsára. Obìnrin tó fẹsẹ̀ rìn láti oko, tó fi ọjà sílẹ̀, ẹ̀ẹ̀melòó ló fẹ́ wá? Wọ́n da gbogbo rẹ̀ pọ̀ sójú kan: ọmọ tí ó ń ṣàìsàn àti èyí tí ara rẹ̀ le, ìwọ̀n, abẹ́rẹ́, ìmọ̀ràn lórí oúnjẹ. Àwọn nọ́ọ̀sì ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà, kì í ṣe dókítà. Orúkọ dókítà ni ìwé ń pè. Àwọn ọmọbìnrin ilẹ̀ wa tó ń gbé ọmọ sórí ìwọ̀n láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, tó ń fi èdè wa bá ìyá sọ̀rọ̀, orúkọ wọn ò sí níbì kankan. Ọ̀kan nínú irú wọn ló rí ìlà tèmi.

Wọn ò tún fi gbogbo àṣà wa tafà sígbó. Àwọn ìyá àgbà wa ń fún ọmọ lọ́mú tó ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọkọ kò sì gbọdọ̀ sún mọ́ ìyàwó títí ọmọ á fi já lẹ́nu ọmú. Ìdènà àrùn nìyẹn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Ó ń jẹ́ kí ìyá sinmi, kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ padà sára, kí ọmọ sì jẹ ọmú tó. Ohun tó kù ni pé kí ẹ̀wà, ẹ̀pà, ẹyin àti ẹja wọ inú àwo ọmọ, kó má jẹ́ ẹ̀kọ nìkan.

ABẸ́RẸ́ ÈÉYI

Nínú gbogbo ohun tó ń pa ọmọ lágbègbè náà, èéyi wà lára èyí tó burú jù. Ní Amẹ́ríkà, ikọ̀ John Enders tó wà ní Boston ti rí abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀, wọ́n sì ti lò ó fún àwọn ọmọ níbẹ̀. Samuel Katz tó wà nínú ikọ̀ náà bá Morley ṣiṣẹ́ láti dán an wò lára àwọn ọmọ wa, wọ́n sì gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 1962. Ní 1963 ni ìjọba Amẹ́ríkà tó fún un ní ìwé àṣẹ.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn á bi mí pé, ṣé ọmọ tiwa ni wọ́n fi dánrawò? Ìbéèrè tó tọ́ ni. Abẹ́rẹ́ ìgbà náà máa ń mú ara ọmọ gbóná gan-an, kò tíì rọrùn bíi tòní. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ní ìlú òyìnbó, ọ̀pọ̀ ọmọ ni èéyi ń ṣe tí wọ́n ń bọ́ nínú rẹ̀. Níbí, pípa ló ń pa ọmọ. Ọmọ tí oúnjẹ kò tó lára rẹ̀ kò lágbára láti bá a jà. Àwọn ìyá tó ti sin ọmọ nítorí èéyi ò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ìdí abẹ́rẹ́ náà fún wọn.

Ikú ọmọdé lọ sílẹ̀ gidigidi n'Ímẹ̀sí-Ilé láàrin ọdún mélòó kan, láìsí pé wọ́n kọ́ ọsibítù ńlá síbẹ̀. Káàdì náà sì jáde lọ sí ọ̀pọ̀ ìlú ní Áfíríkà, Éṣíà àti Gúúsù Amẹ́ríkà. Nígbà tí àjọ UNICEF kéde ètò ìgbàlà ọmọdé rẹ̀ láàrin 1982 sí 1983, nǹkan mẹ́rin ló kọ́kọ́ kà: wíwọn ọmọ lóṣooṣù, omi oníyọ̀ àti ṣúgà fún ìgbẹ́ gbuuru, ọmú ìyá, àti abẹ́rẹ́ àjẹsára. Àkọ́kọ́ nínú wọn, ẹ ti mọ ibi tó ti wá. Morley kú ní 2009.

IBI TÍ A TI JẸ́ KÓ BỌ́

Nílé níbí, ẹni tó gbé iṣẹ́ náà lórí jù ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, dókítà ọmọdé, tó jẹ́ mínísítà ètò ìlera láti 1985 sí 1992. Òun ló ń pariwo pé kí ìjọba gbé owó kúrò lórí àwọn ilé ìwòsàn aláràbarà, kó gbé e lọ sí kílíníìkì tó wà nítòsí ìyá àti ọmọ. Ọmọ tó ń gba abẹ́rẹ́ pọ̀ sí i lásìkò rẹ̀. Lẹ́yìn tó kúrò, ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ náà tún fà sẹ́yìn. Ó kú ní 2003.

Kì í ṣe pé a kò ṣe nǹkan kan. Ní 1970 la rí ṣànpọ̀nná kẹ́yìn ní Nàìjíríà. Ní 2020, àjọ ìlera àgbáyé kéde pé kòkòrò rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ti inú ìgbẹ́ ti tán ní Áfíríkà. Ṣùgbọ́n ìwádìí ìjọba ti 2018 fi hàn pé nínú 1,000 ọmọ tí wọ́n bí láyè ní ilẹ̀ wa, 132 ni kì í pé ọdún márùn-ún. Àwọn ìyá ńkọ́? Ìṣirò àjọ ìlera àgbáyé fún 2023 ni pé nǹkan bí 75,000 obìnrin ló kú nídìí oyún àti ìbímọ ní Nàìjíríà lọ́dún kan ṣoṣo. Bí a bá ka irú ikú bẹ́ẹ̀ mẹ́wàá jọ káàkiri àgbáyé, ó kù díẹ̀ kó jẹ́ mẹ́ta tiwa.

Ẹ̀jẹ̀ tó ń ya lẹ́yìn ìbímọ ló ń pa púpọ̀ nínú wọn, ìtàn ìwọ̀n náà sì tún ni. Agbẹ̀bí á fi ojú wo ẹ̀jẹ̀, á ní kò pọ̀. Kó tó mọ̀ pé ó pọ̀, obìnrin ti ń dákú. Ní 2023, àwọn oníwádìí gbé àbọ̀ iṣẹ́ kan jáde tí wọ́n ṣe ní ilé ìwòsàn 80 ní Nàìjíríà, Kẹ́ńyà, Tànsáníà àti Gúúsù Áfíríkà. Wọ́n tẹ́ ọ̀rá kan sábẹ́ obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ìlà wà lára rẹ̀ tó ń fi iye ẹ̀jẹ̀ hàn. Bó bá ti kan ìlà, kò sí àròyé mọ́: wọ́n á wọ́ ilé ọmọ, wọ́n á fún un lóògùn, wọ́n á fa omi sí i lára, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ewu ẹ̀jẹ̀ ńlá àti àwọn ohun tó ń tẹ̀yìn rẹ̀ wá dín kù ní 60 nínú 100. Ọ̀rá lásán! Ìlà lásán! Bíi ti Ìmẹ̀sí-Ilé náà ni.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ nìyí. Ohun tó ń pa ìyá àti ọmọ kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ àìsí ẹ̀rọ olówó ńlá. Àìtètèmọ̀ ni. Àti pé ohun tí yóò jẹ́ ká tètè mọ̀ kò wọ́n, a sì ti ní in nílé kí a tó máa wá a kiri. Ìwọ̀n tó bàjẹ́ ní kílíníìkì tí wọn ò tún ṣe, ikú ló ń gbé níbẹ̀.

Ẹ máa bi mí léèrè ọmọ àbúrò mi. Ìyá wa ò jẹ́ kó padà s'Ékòó lọ́jọ́ náà. Lọ́jọ́ kejì, a gbé ọmọ lọ sí ibi tí ìwọ̀n wà. Ìyá wa kò parọ́, ọmọ náà fúyẹ́. Nọ́ọ̀sì bi àbúrò mi pé kí ló ń jẹ. Ògì ni, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ògì nìkan, nítorí iṣẹ́ ọ́fíìsì kò jẹ́ kí ọmú délé lásìkò. Wọ́n kọ́ ọ bí á ṣe máa se ẹ̀wà tí wọ́n bó èèpo rẹ̀, kó lọ edé sí i, kó kán epo sí i, kó fi ẹyin kún un. Wọ́n fún un ní káàdì tuntun. Ní oṣù kẹta lẹ́yìn náà, ó fi fọ́tò káàdì ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù. Ìlà ọmọ ti gbéra, ó ń gòkè.

Mo fi han ìyá mi. Ó wò ó títí, ó ní, "Ó dára. Sọ fún un kó wá ọ̀rá tó nípọn fi sí."

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, ẹ má dúró dìgbà tí ọmọ bá rù. Ẹ dìde báyìí, kí ẹ lọ wo inú àpótí yín. Káàdì rẹ̀ dà?